Ẹ Má Ra Páálí Ogójì: Ọ̀rọ̀ Mi Lórí Tápù àti Dáì

  Avrankou ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Tísà ni mí, mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n mo ní ibi iṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti ń tún bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ṣe, alùpùpù mi, àti póńpù kànga wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó wa lọ́dọọdún, ní ìhà méjèèjì bọ́dà.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ ní àdúgbò wa dákẹ́. Ihò bóòtù kan tó di ìdérí rẹ̀ mú ti jẹ eyín, bóòtù náà kàn ń yí lásán ni. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan sáré lọ gbé páálí tuntun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ogójì irin wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ń dán bí owó ẹyọ tuntun. Ọmọ náà wo ihò, ó ní mẹ́jọ ni. Ó ki tápù mẹ́jọ bọ̀ ọ́. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó le. Ó wá fi agbára kún un. Tápù náà dá, ìdajì rẹ̀ sì kù sínú ihò.

Ọ̀gá rẹ̀ dé, ó bi í pé, "Ta ló ní kó o fi agbára ṣe é?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, mẹ́jọ ni mo rí." Ìyá tó ni ẹ̀rọ ń wo gbogbo wọn, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ti bó sílẹ̀ láàárọ̀ kì í dúró de mẹkáníìkì. Wọ́n rù ú lọ síbòmíràn, wọ́n san owó ọkọ̀, ìyá náà sì pàdánù oníbàárà ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ tó bá wọn yọ irin tó dá sínú ihò yẹn. Owó tí wọ́n san fún un pọ̀ ju owó páálí náà lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: tápù tí mo ń sọ kì í ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi o. Irin líle ni, ó dà bí bóòtù tí wọ́n la ojú ọ̀nà gígùn sí lára kí etí eyín rẹ̀ lè mú. Inú ihò ni a ń yí i bọ̀, kó lè gé eyín síbẹ̀ tí bóòtù yóò fi dì mọ́ ọn. Dáì ní tirẹ̀ dà bí nọ́ọ̀tì. Ara ọ̀pá irin ni a ń yí i sí, kí ọ̀pá náà lè di bóòtù. Àwa tí a fi Faransé kàwé ń pe ti àkọ́kọ́ ní taraud, a ń pe ìkejì ní filière. Orúkọ yòówù kí ẹ fi pè é, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Lójú tèmi, àṣìṣe méjì ló pàdé nínú ihò ọjọ́ yẹn. Èkíní, irin náà kò dára. Èkejì, ihò náà kì í ṣe mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n ti orí èkejì bẹ̀rẹ̀, torí pé ó lè ba iṣẹ́ jẹ́ bí irin náà tilẹ̀ dára.

Ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́ irú Lister, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe, tí àwọn ará Íńdíà náà sì ṣe àwòkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ohùn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta láti kékeré. Ínṣì ni wọ́n fi wọn bóòtù ara rẹ̀. Ihò tí ọmọ náà pè ní mẹ́jọ, 5/16 ínṣì ni. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ sí mìlímítà, 7.94 ni. Ta ló lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ láàárín 7.94 àti 8? Ṣùgbọ́n eyín wọn kò bára mu rárá. Lára M8 tí a mọ̀, láti orí eyín kan dé orí èkejì jẹ́ mìlímítà 1.25. Lára 5/16 ti Whitworth, eyín 18 ló wà nínú ínṣì kan, ìyẹn ni pé láti ọ̀kan dé èkejì jẹ́ 1.41. Ìdí nìyẹn tó fi wọlé ní ìyípo àkọ́kọ́, tó sì le ní ìkejì. Bó ṣe le yẹn, irin ń kìlọ̀ fún ọmọ náà ni. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìkìlọ̀ náà.

Kí ló dé tí ínṣì àti mìlímítà fi ń gbé inú agboolé kan náà? Ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Faransé ti gba mítà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìlú láti ọdún 1795. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn wà lórí ínṣì, Joseph Whitworth ló sì gbà wọ́n níyànjú ní 1841 pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa gé eyín bóòtù lọ́nà kan ṣoṣo. Igun eyín tirẹ̀ jẹ́ 55, igun ti mìlímítà òde òní jẹ́ 60. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí wọ́n pààlà láàárín ilẹ̀ Àjàṣẹ́ àti ilẹ̀ Èkó, wọ́n pín ẹbí kan sí méjì, wọ́n sì pín ìwọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í béèrè páálí ìdánimọ̀. Ẹ́ńjìnnì onínṣì kọjá wá sọ́dọ̀ wa, alùpùpù onímìlímítà sì kún ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ wo ti páìpù omi. Lọ́dọ̀ wa, oníṣẹ́ omi á ní kí ẹ lọ ra 15/21. Ní Ìdírókò, wọ́n á ní ààbọ̀ ínṣì ni àwọn ń tà. Mo ti rí ẹni tó padà sílé lọ́wọ́ òfo nítorí èyí. Ohun kan náà ni o! Faransé kàn ń ka inú àti ẹ̀yìn páìpù ní mìlímítà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú, mọ́kànlélógún lẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ ínṣì pè é. Eyín rẹ̀ jẹ́ 14 nínú ínṣì kan ní ìhà méjèèjì. Bákan náà, 20/27 wa ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì yín. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri yín.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ kò gba owó púpọ̀: kí ẹ tó ra irin kankan, ẹ mọ irú eyín tó wà nínú ilé yín. Irinṣẹ́ kan wà tó dà bí ìyarun, abẹ́ irin pẹlẹbẹ bíi mélòó kan tó ní eyín, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e lé eyín bóòtù, èyí tó bá jókòó láìsí àlàfo ni tirẹ̀. Tí ẹ kò bá rí i rà, ẹ mú bóòtù tuntun tí ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi eyín rẹ̀ há eyín èyí tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín wọn, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má yí i.

Ó wá kan irin fúnra rẹ̀. Mo ní kí ẹ má ra páálí ogójì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ ṣí páálí náà, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ó bá M7, M9 àti M11 níbẹ̀. Ta ló ti rí bóòtù M11 rí ní Avrankou? Ìdajì ohun tí ẹ sanwó rẹ̀, ẹ kò ní lò ó títí tí ìpẹtà yóò fi jẹ ẹ́. Ìdajì tí ẹ ó lò, ẹyọ tápù kan ṣoṣo ló wà fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, òun náà ló máa bẹ̀rẹ̀ ihò, òun náà ló máa parí rẹ̀. Irin rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ irin lásán tí wọ́n gé eyín rẹ̀ kí wọ́n tó fi iná mú un le. Iná á ti yí eyín náà padà díẹ̀, wọn kò sì ní pọ́n ọn mọ́. Kò tíì gé irin kankan tí etí rẹ̀ ti kú.

Èyí tó dára ńkọ́? Ẹ wo nǹkan mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, ẹ wá lẹ́tà HSS lára ọrùn rẹ̀. Irin yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Taylor àti White, ló rí ọ̀nà ṣe é ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ya àwọn èèyàn lẹ́nu nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Paris ní 1900, torí pé ó ń gé irin lọ bó tilẹ̀ gbóná pọ́n. Fún àwa tí a ń fi ọwọ́ yí i, ooru kọ́ ni wàhálà wa. Àǹfààní rẹ̀ fún wa ni pé etí rẹ̀ kì í tètè kú, ilé iṣẹ́ tó bá sì lo irin olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pọ́n eyín rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá ti mú un le. Tí ẹ bá rí HSS-G, pípọ́n yẹn ni G náà ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ ayédèrú lè tẹ lẹ́tà mẹ́ta sára irin kankan, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Èkejì, ẹ béèrè ìdì mẹ́ta. Tápù ọwọ́ tó pé, mẹ́ta ni fún ìwọ̀n kan. Èyí tó ní òrùka kan lọ́rùn ló ń bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ tín-ín-rín kó lè wọlé ní òòró. Èyí tó ní òrùka méjì ló tẹ̀ lé e. Èyí tí kò ní òrùka ló ń parí, òun ló ń gé eyín dé ìsàlẹ̀ ihò tí kò yọ sódì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín iṣẹ́ náà ṣe, nítorí náà kò sí èyí tí ẹrù wúwo mọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ojú àti èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Tí etí eyín bá ń tàn yinrin bí ojú abẹ, ó ti kú. Etí tó mú kì í tàn. Ẹ fà á lórí èékánná yín díẹ̀. Tó bá há eékánná, ó dára, tó bá yọ̀ kọjá, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ yí i lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ ka eyín rẹ̀. Ọ̀kan tó bá ti kán ti tó láti ba ihò yín jẹ́. Mo ń sọ ti àlòkù torí pé àlòkù gidi sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Ẹ̀yin ará Èkó mọ Owódé Onírin àti Ládìípọ̀, àwa mọ Dantokpa ní Kútọnu àti Ouando ní Àjàṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbàgbé ọwọ́ tí a fi ń yí i, èyí tí àwa ń pè ní tourne-à-gauche. Tí ọwọ́ náà bá ń mì, tápù á wọlé ní ẹ̀gbẹ́, á sì dá. Irin HSS le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n tẹ òun.

Ti dáì kò gùn. Olóbìrípo tó ní ìlà kan tó là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ rà tí ẹ bá fẹ́ gé eyín tuntun, torí pé ẹ lè là á díẹ̀ fún ìgé àkọ́kọ́, kí ẹ sì fún un pọ̀ fún ìkejì. Èyí tó ní ojú mẹ́fà bíi nọ́ọ̀tì, títún eyín àtijọ́ ṣe ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ má fi gé ọ̀pá tuntun.

Ìwọ̀n wo ló yẹ kí ẹ ní? Fún ilé tó ní alùpùpù, bẹ́ǹṣì àti póńpù, M6 àti M8 ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Tí owó bá tún wọlé, M5 àti M10. Ẹ ṣọ́ra fún M10 o, torí pé lára alùpùpù, M10×1.25 ni ẹ ó máa bá pàdé, kì í ṣe 1.5 nìkan. Ẹ kíyè sí púlọ́ọ̀gì náà, bougie tiwa. Ti alùpùpù sábà máa ń jẹ́ 10×1 tàbí 12×1.25, ti ọkọ̀ sì lè jẹ́ 14×1.25. Orí ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń dè é mọ́ rọ̀ ju púlọ́ọ̀gì náà lọ. Ìka ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé, kí ẹ tó mú sípánà.

Ẹ ra irin dírìlì tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu pẹ̀lú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ: ẹ mú ìwọ̀n bóòtù, kí ẹ yọ àlàfo láàárín eyín méjì kúrò nínú rẹ̀. M5, 5 yọ 0.8, ó ku 4.2. M6, 6 yọ 1, ó ku 5. M8, 8 yọ 1.25, ó ku 6.75, ẹ mú 6.8. M10, 10 yọ 1.5, ó ku 8.5. Ọ̀pọ̀ tápù tó ń dá lọ́wọ́ wa, ihò tó kéré jù ló ń dá wọn.

Tí ẹ bá wá ń gé e, ẹ kán epo sí i. Irin lásán fẹ́ epo, alumínìọ̀mù fẹ́ kẹrosíìnì, idẹ àti irin dídà kò fẹ́ nǹkan kan. Ẹ yí i ní ààbọ̀ ìyípo síwájú, kí ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ìfọ́ irin lè já. Tó bá le, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní, "Tísà, ẹ ń gba owó oṣù, ẹ kò mọ bí ọjà ṣe rí." Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdì mẹ́ta HSS kan ṣoṣo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó páálí ogójì odidi. Ẹni tí owó ọjọ́ rẹ̀ ń tán lọ́jọ́ náà, ogójì á jọ èrè lójú rẹ̀. Èmi náà ra páálí bẹ́ẹ̀ rí, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò jù ú nù. Ó dára fún ohun kan: kí ẹ fi ọwọ́ rọra yí i sínú eyín tó ti wà tẹ́lẹ̀, kó gbọn ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò níbẹ̀. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹ má bá a sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí àwọn ọlọ́ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta dá owó jọ bí èsúsú, kí wọ́n jọ máa lò ó. Mo rò ó dáadáa, mi ò sì gbà á tán. Irinṣẹ́ tó mú tí èèyàn mẹ́ta jọ ń lò, ọjọ́ tó bá kú etí, kò sẹ́ni tó pa á. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí wọ́n dá èsúsú owó, kí ẹni tó bá kàn lóṣù yìí ra M8 tirẹ̀, kí ti oṣù tó ń bọ̀ ra tirẹ̀. Kálukú á mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, á sì tọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan á tún ní kí ni ilé fẹ́ fi tápù ṣe, kí a kó iṣẹ́ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí Songhaï tí Bàbá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1985. Wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ fúnra wọn. Kí ni èrè kí a ṣe ẹ̀rọ nílé, kí bóòtù kan ṣoṣo sì dá a dúró nítorí pé kò sẹ́ni tó lè tún eyín rẹ̀ gé ní abúlé?

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn ni ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó gbọ́ràn, kò sì ya ọ̀lẹ. Èmi kọ́ filetage àti pas nínú ìwé Faransé, mo gba máàkì lé e, mi ò sì fọwọ́ kan taraud títí mo fi di àgbà. Òun ní tirẹ̀ ń fọwọ́ kan án lójoojúmọ́, ẹnì kan kò sì kọ́ ọ ní nọ́ńbà rẹ̀. Àìmọ̀ọ́gún, àìmọ̀ọ́tẹ̀, ni iyán ewùrà fi ń lẹ́mọ. Ẹ̀kọ́ yẹn kò ju ọjọ́ kan lọ, a sì lè fi Yorùbá kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ nọ́ńbà M6, M8, M10 àti irin dírìlì wọn sára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín, pẹ̀lú 5/16 ínṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ M8, kí ọmọṣẹ́ yín lè mọ̀ pé ìbejì kọ́ ni wọ́n. Ẹ̀yin òbí, tí ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù ọmọ yín bá dé, èyí tí àwa ń pè ní libération, mo mọ̀ pé ẹ ó ra aṣọ, ẹ ó gba àga, ẹ ó gbé bíà kalẹ̀. Ẹ yọ owó páálí bíà méjì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ fi ra ìdì mẹ́ta M6 àti ìdì mẹ́ta M8 tó dára, kí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Bíà á tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Irin yẹn á ṣì máa bọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́ tó wà lórí ojú ewé yìí, tísà lásán ni mí. Níbi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ tún un ṣe fún mi. Ẹ sì sọ fún wa, orúkọ wo ni ẹ ń pe tápù àti dáì ní ìlú tiyín?